Ìgbì Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Bí òtútù bá ti ń sún mọ́ ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi oní-ẹ́ńjìnnì a di ẹrù wọn sínú rẹ̀, wọn a kọrí sí gúúsù, níbi tí oòrùn kì í ti í wọ́n. Kì í ṣe agbami òkun ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ọ̀nà omi kan wà tó sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn erékùṣù etíkun, Intracoastal Waterway ni wọ́n ń pè é. Odò ni níhìn-ín, ọ̀sà ni lọ́hùn-ún, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n ti ń ka máìlì rẹ̀ láti oódo, ẹni tó bá sì fi máa dé Miami ti rin nǹkan bí 1,090 máìlì. Àmì pupa ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó ń lọ sí gúúsù, àmì aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ òsì, àárín méjèèjì ni omi ti jìn tó láti gba ọkọ̀. Ọ̀nà náà há ní ibi púpọ̀, ó sì kọjá lẹ́bàá ilé àwọn ènìyàn, lẹ́bàá èbúté, lẹ́bàá àwọn apẹja tó jókòó sínú ọkọ̀ kékeré. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gba ibẹ̀ kí ohun tó ń ṣe má kan ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀nà omi yìí lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ìbéèrè kan tí àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn onírònú ti ń fà láti ayébáyé: aburú tí a kò gbèrò, tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa nígbà tí ojú wa wà níwájú, ṣé ọrùn wa ló wà?

Ọkọ̀ kan kò lè gba orí omi kọjá kí omi má rú. Omi tó bá tì sápá kan ló ń di ìgbì, ìgbì náà á máa tẹ̀lé e, á fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì títí á fi kan bèbè. Awakọ̀ kì í rí i dáadáa, nítorí iwájú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó so ọkọ̀ kékeré mọ́ èbúté ló ń rí i: okùn á le dan-indan-in, ara ọkọ̀ á máa gbá òpó, omi tó ń hó lórí iná lè dà sí ẹni tó ń se oúnjẹ lára. Lórí ọ̀ràn yìí, òfin àti àṣà àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà kò díjú: ìgbì tí ọkọ̀ rẹ bá dá, ìwọ lo ni ín, ìwọ lo máa dáhùn fún un. Ilé ẹjọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá awakọ̀ tó fara balẹ̀ ìbá ti mọ̀ pé ìgbì òun á ṣe ẹnìkan léṣe, ṣùgbọ́n pé o kò bojú wẹ̀yìn kì í ṣe àwíjàre. Ohun kan tún wà nínú bí omi ṣe ń ṣe tó yẹ kí onírònú tẹjú mọ́. Ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ gan-an kì í dá ìgbì ńlá. Èyí tó ti ki eré mọ́lẹ̀, tí ìdí rẹ̀ ti gòkè tó ń fò lórí omi, ìgbì tirẹ̀ náà kì í tó bí ènìyàn ṣe rò. Ti àárín ló burú jù. Nígbà tí awakọ̀ bá dín eré kù díẹ̀, tí imú ọkọ̀ gbé sókè, tí ìdí rẹ̀ sì rì, ìgbà yẹn ló máa ń tú omi bí ẹni ń fi ọkọ́ kọ ebè. Ẹni tó dín eré kù díẹ̀ nítorí inú rere lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣe ìpalára ju ẹni tí kò bìkítà rárá lọ. Ìṣòro gidi lèyí jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó gbà pé èrò rere nìkan ti tó láti sọ ìṣe di rere.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀bi yàtọ̀ sí gbèsè. Èrò ọkàn ni a fi ń díwọ̀n ẹ̀bi. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìgbì dojú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ dé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń bí gbèsè, yálà a gbèrò rẹ̀ tàbí a kò gbèrò rẹ̀. Kò sí ẹ̀sìn kan nínú àwọn tó gbilẹ̀ láàárín wa tí kò mọ èyí. Nínú ìwé Léfítíkù, orí kẹrin àti ìkarùn-ún, ẹbọ wà fún ẹni tó ṣẹ̀ láìmọ̀. Nínú Númérì orí 35, a pèsè ìlú ààbò mẹ́fà fún ẹni tó pa ènìyàn láìní ìkórìíra sí i tẹ́lẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ gbẹ̀mí rẹ̀, síbẹ̀ kò lè padà sílé rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ títí olórí àlùfáà yóò fi kú. Nínú Kùránì, Súrà kẹrin, ẹsẹ 92, ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo yóò dá ẹrú kan sílẹ̀, yóò san owó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ẹbí òkú àyàfi tí wọ́n bá dárí jì í. Ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Ní ti ìṣẹ̀ṣe ilẹ̀ wa, ẹni tó jẹ èèwọ̀ láìmọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ètùtù. Nínú gbogbo wọn, a fi àánú dín ìjìyà kù, a kò sì fi àánú náà pa gbèsè rẹ́. Àwọn àgbà tó ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, wọn kò fi kún un pé kí ẹni tó sọ òkò náà máa lọ sílé tirẹ̀ nítorí pé kò fojú sun ẹnikẹ́ni.

Àtakò tó lágbára jù ti inú ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ wá. Hadith, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu Ànábì, tó ṣáájú gbogbo èyí tí Bukhari kó jọ sọ pé àníyàn ni a fi ń wo iṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí a ó bi awakọ̀ tí kò ní ibi lọ́kàn? Mo gba hadith náà tọwọ́tẹsẹ̀, mo sì rò pé ohun tó ń sọ ni bí iṣẹ́ ṣe rí níwájú Ọlọ́run àti èrè tó tọ́ sí i. Kò sọ ohun tí aládùúgbò wa ń retí lọ́wọ́ wa. Ẹ̀sìn kan náà tó ní hadith yìí ló pàṣẹ owó ẹ̀jẹ̀ fún àṣìpa, kò sì sí ìtakora nínú rẹ̀. Jésù náà, tó wá inú ọkàn wò ju àwọn amòfin ìgbà rẹ̀ lọ, sọ nínú Mátíù orí karùn-ún pé bí ẹnìkan bá ń gbé ọrẹ bọ̀ níwájú pẹpẹ, tó sì rántí pé arákùnrin òun ní nǹkan sí òun nínú, kí ó fi ọrẹ sílẹ̀ kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ẹ wò ó pé kò bèèrè bóyá olùmú-ọrẹ-wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà nínú ẹni tó farapa ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń dá ìgbì, tí gbogbo ìgbì sì jẹ́ gbèsè, kí ẹni gbogbo kúkú jókòó sílé kí òtútù pa wọ́n. Àwọn tó ń gba ọ̀nà omi yìí ti dáhùn èyí nínú ìṣe wọn, ìdáhùn náà sì dára ju ti ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ọkọ̀ onígbòkun tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn ní nǹkan bí máìlì mẹ́fà tàbí méje ní wákàtí kan máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ eléré. Bí eléré bá kàn yà á kọjá, ìgbì rẹ̀ á mú kí onígbòkun yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá sì dín eré tirẹ̀ kù títí ó fi bá onígbòkun dọ́gba, kò ní lè kọjá láé. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè: fèrè ẹ̀ẹ̀kan bí ó bá fẹ́ gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mejì bí ó bá fẹ́ gba òsì, tàbí kí ó pe onítọ̀hún lórí rédíò. Bí ẹni iwájú bá gbà, òun náà á dẹwọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kí eléré lè rọra kọjá láìdá ìgbì. Ẹnìkan lè sọ pé ìwà ìrẹ́jẹ ni pé ẹni tí ìgbì máa lù ni a tún ní kó dúró. Mo rí ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀: ẹni tó ní agbára ló kọ́kọ́ bèèrè, ẹni tó kéré ló gbà tàbí kò gbà, lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì pín ìdádúró náà láàárín ara wọn. Ìrìn kò dúró. Ohun tí ojúṣe yìí gbà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò ni ìṣẹ́jú díẹ̀ àti ohùn ẹnu rẹ̀.

Èyí tó máa ń rọrùn jù fún wa láti sọ ni pé tèmi kò tó nǹkan. Bèbè kò lè wó nítorí ìgbì ọkọ̀ kan. Òótọ́ ni. Àmọ́ àkókò kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, nítorí òtútù kan náà ló ń lé wọn, ọ̀nà tóóró kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Ní Mosquito Lagoon ní ìpínlẹ̀ Florida, àwọn onímọ̀ rí i pé etí àwọn òkìtì ọ́sítà, ẹran inú ìkarahun tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún, ti di òkìtì ìkarahun òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Kò sí ọkọ̀ kan tí ènìyàn lè nàka sí pé òun ló pa á. Bí a bá gbà pé ohun tí kò sẹ́ni tó dá a ṣe kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, a ti gbà pé bí àwọn tó ṣe aburú bá ti ń pọ̀ sí i ni gbèsè ń dín kù. Èmi kò lè gba ìyẹn gbọ́. Òfin Florida náà kò gbà á: ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìgbà òtútù, gbogbo ọkọ̀, kékeré àti ńlá, ló gbọ́dọ̀ rọra lọ nítorí mánatì, ẹranko omi ńlá tó ń jẹ koríko, tó máa ń wá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí òkun bá tutù.

Ibi tó ti le jù kù. Lẹ́yìn Norfolk, arìnrìn-àjò lè gba Dismal Swamp Canal, odò àgbẹ́ máìlì 22 tí omi rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí igi inú irà. Ní 1793 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní 1805. Àwọn ẹrú tí olówó wọn fi gba owó ọ̀yà ló dúró nínú ẹrọ̀fọ̀ náà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Moses Grandy, tó jẹ́ ẹrú tó sì ń darí ọkọ̀ ẹrù lórí odò yìí, san owó òmìnira rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó bọ́, nítorí ẹni méjì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì dà á. Wọ́n tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní London ní 1843. Ṣé ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá lónìí jẹ wọ́n ní gbèsè? Bí mo bá fẹ́ dúró lórí ohun tí mo ti sọ, mo gbọ́dọ̀ gbà pé kò ṣe ohunkóhun sí Grandy, nítorí náà kì í ṣe ìgbì ọkọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ ra odò náà ní 1929, ohun gbogboogbò ni, bí gbèsè bá sì wà, ti gbogboogbò ni. Ohun tó kan án ní tirẹ̀ ni ìmọ̀: àǹfààní tí a jẹ láìmọ ibi tó ti wá kì í ṣe èyí tí a jẹ lẹ́yìn tí a ti mọ̀.

Síbẹ̀, bí ó bá ti ń lọ sí gúúsù, ọ̀rọ̀ náà á tún di ti ìṣe. Ní South Carolina àti Georgia, ọ̀nà omi yìí gba àárín ilẹ̀ àwọn Gullah Geechee, ọmọ àwọn tí wọ́n kó ní ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà wá gbin ìrẹsì. Ní agbègbè Beaufort ní South Carolina, níbi tí Ọ̀yọ́túnjí náà wà, ìlú tí Oseijeman Adefunmi tẹ̀dó ní 1970 lórí ìṣe Yorùbá, ọ̀nà náà kọjá lẹ́bàá Hilton Head. Kí wọ́n tó fi afárá so erékùṣù yẹn mọ́ ilẹ̀ ní 1956, àwọn Gullah ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ìgbafẹ́, pápá gọ́ọ̀fù àti èbúté ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ dé. Owó ilẹ̀ gòkè, owó orí ilẹ̀ tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń pín ilẹ̀ bàbá ńlá wọn láìní ìwé àṣẹ sì pàdánù rẹ̀. Arìnrìn-àjò ìgbà òtútù tó so ọkọ̀ mọ́ èbúté yẹn, tó náwó níbẹ̀, wà lára ìgbì tó ń ṣí wọn nídìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ibẹ̀ ló gbé e wá. Wọ́n á ní ọjà ni ọjà, kò sẹ́ni tó lè ní kí ọjà rọra. Ṣùgbọ́n ní St. Helena, erékùṣù tó wà ní agbègbè Beaufort kan náà, láti 1999 ni òfin ìjọba agbègbè ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé ìgbafẹ́ ńlá, pápá gọ́ọ̀fù tàbí àdúgbò tí wọ́n fi géètì há mọ́ síbẹ̀. Ní 2023, ẹnìkan tó fẹ́ ṣe pápá gọ́ọ̀fù ní kí wọ́n yọ ilẹ̀ òun kúrò lábẹ́ òfin náà; àwọn ará erékùṣù jáde wá sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ kò sì yọ ọ́. Ọkọ̀ ṣì ń kọjá lórí omi St. Helena ní gbogbo ìgbà òtútù, àwọn tó ń lọ sí Florida ṣì ń dé Florida.