Ogun Ọ̀nà Jíjìn, Ebi Inú Ilé: Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ọ̀wọ́n Oúnjẹ?

  

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Islam, àwọn ọmọ kéékèèké ilé kéú wa ti há Suratu Quraysh sórí. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí àwa àgbà má tíì dúró ronú lé ohun tí sura kúkúrú náà so pọ̀. Ó dárúkọ ìrìn-àjò òwò ìgbà òtútù àti ti ìgbà ooru. Ó pàṣẹ fún àwọn Kùráéṣì pé kí wọ́n jọ́sìn fún Olúwa Ilé náà. Ó sì rán wọn létí oore méjì: pé Ọlọ́hun bọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ ebi, Ó sì fọkàn wọn balẹ̀ kúrò nínú ìbẹ̀rù. Ọ̀nà òwò, oúnjẹ àti àlàáfíà: okùn kan ṣoṣo ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilẹ̀ Mẹ́kà kì í ṣe ilẹ̀ oko. Bí ọ̀nà Ṣáámù àti ọ̀nà Yemen bá dí, ìkòkò Mẹ́kà yóò gbẹ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní Jímọ̀ òní wá láti inú sura yìí. Nígbà tí ogun bá dí ọ̀nà, tí oúnjẹ sì wọ́n gógó, ọrùn ta ni ẹ̀bi náà wà? Ṣé kádàrá ni kí a pè é, kí a sì fọwọ́ lẹ́rán, àbí ọwọ́ ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, tí Ọlọ́hun yóò bi olúkúlùkù léèrè ìpín tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ ilẹ̀ Ukraine. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ni ó ń ta ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àlìkámà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń rà lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí ogun dé, àwọn èbúté agbègbè Odesa ní etí Òkun Dúdú tì pa, ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù ọkà sì há sínú àká. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, òṣùwọ̀n owó oúnjẹ tí àjọ FAO ń gbé jáde lóṣooṣù ga ju bí ó ti ga rí lọ láti ọdún 1990 tí òǹkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn wo ni ó kọ́kọ́ ru ẹrù náà? Sómálíà ni, níbi tí ọ̀dá òjò ti ń bá àwọn ènìyàn fínra, tí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ méjèèjì tí ń jagun ni ó ti ń ra ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àlìkámà rẹ̀. Lẹ́bánónì ni, níbi tí ìbúgbàù ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ti ba àká ọkà ńlá èbúté Beirut jẹ́, tí wọn kò fi ní ibi tí wọn yóò kó oúnjẹ púpọ̀ pamọ́ sí. Yemen ni, tí ogun tirẹ̀ ti sọ di aláìní tẹ́lẹ̀. Àjọ WFP tí ń bọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé pàápàá ń ra púpọ̀ nínú àlìkámà rẹ̀ ní Ukraine. Bí iye àwọn tí ebi ń pa ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ó wà lọ́wọ́ àjọ náà ń ra oúnjẹ tí kò tó ti àná.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ àwa náà sílẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ní ilẹ̀ Nàìjíríà, òkèèrè ni ó ti ń wá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ mìíràn ni a ti rà á, ẹni tí kò rí ti Ukraine rà mọ́ yóò wá bá wa ná an níbẹ̀, owó rẹ̀ yóò sì gòkè fún gbogbo wa. Rọ́ṣíà tún wà lára àwọn tí ń ta ajílẹ̀ jù lọ láyé. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ń gbin àgbàdo ní ìgbèríko wa, tí kò rí àlìkámà sójú rí, san nínú owó ogun náà lọ́jọ́ tí ó lọ ra ajílẹ̀. Ẹni tí ń fi epo dísù lọ ọkà san nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

A ó jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nígbà tí owó búrẹ́dì gbéra lọ́dún náà, ìyá tí ń tà á ní ìkòríta ni a kọ́kọ́ bínú sí. A pè é ní aláìláàánú. Nígbà tí a jókòó, tí a sì ṣe ìṣirò, a rí i pé èrè tirẹ̀ lórí búrẹ́dì kan kò tó ti àtẹ̀yìnwá. Òun ni ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ẹni tí ọwọ́ wọn kan búrẹ́dì náà, òun sì ni ojú wa tó. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí okùn náà ti fà wá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2022, Rọ́ṣíà, Ukraine, Tọ́kì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn ní Istanbul pé kí ọkọ̀ tí ó kó oúnjẹ máa rí ọ̀nà kọjá. Láàrin ọdún kan, nǹkan bí mílíọ̀nù 33 tọ́ọ̀nù oúnjẹ gba ọ̀nà náà jáde. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2023, Rọ́ṣíà yọ ọwọ́ rẹ̀, àdéhùn náà sì parí. Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe òjò ni ó kọ̀ láti rọ̀ ní Ukraine tí ọkà fi há sínú àká. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ọ̀nà, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣí i, ọwọ́ ènìyàn náà ni ó tún tì í. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe, ọlọ́wọ́ ni yóò dáhùn fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé: ṣebí àwọn sàábé bẹ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kí ó dá iye lé ọjà nígbà tí nǹkan wọ́n ní Mẹ̀dínà, tí ó sì kọ̀, tí ó ní Ọlọ́hun ni ń mú ọjà wọ́n, tí Ó sì ń mú un pọ̀? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìdí rẹ̀ tán. Ó ní òun ń retí láti pàdé Olúwa òun láìsí ẹni tí yóò bi òun léèrè àbòsí kankan, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀mí tàbí ti owó. Ìbẹ̀rù àbòsí ni ó mú kí ó kọ̀. Ẹnu kan náà ni ó fi sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tí ń kó oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n. Ìdí nìyí tí Ibn Taymiyyah, nínú ìwé rẹ̀ lórí àmójútó ọjà, fi ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: bí ọjà bá wọ́n nítorí pé kò sí, tàbí nítorí pé àwọn tí ń rà á pọ̀, kò tọ́ kí a fipá mú olódodo ta á ní àdánù; ṣùgbọ́n bí ó bá wọ́n nítorí pé àwọn kan gbé e pamọ́ nígbà tí ará ìlú nílò rẹ̀, aláṣẹ lè mú wọn tà á ní iye tí ó tọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ kádàrá bo ìwà ọwọ́ rẹ̀.

Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni tí ó fi oúnjẹ ṣe ohun ìjà? Ìtàn Thumāmah ọmọ Uthāl dá wa lóhùn. Olórí àwọn Banū Hanīfah ní Yamāmah ni, láti ibẹ̀ sì ni ọkà ti ń lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí ó gba Islam, ó sọ fún àwọn Kùráéṣì pé hóró ọkà kan kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ àfi bí Ànábì bá yọ̀ǹda. Ìyà jẹ wọ́n, wọ́n sì ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí Ànábì. Ẹ rántí pé àwọn Kùráéṣì yìí kan náà ni ó sé ọ̀nà òwò àti oúnjẹ mọ́ òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, títí wọ́n fi ń jẹ ewé igi, tí igbe àwọn ọmọ wọn sì ń dún láti àfonífojì náà. Bí ẹ̀san bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni, ó tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, Ànábì kọ̀wé sí Thumāmah pé kí ó jẹ́ kí oúnjẹ kọjá. Ọ̀tá ni wọ́n nígbà náà, ogun kò sì tíì parí láàrin wọn. Ìlànà wa nìyẹn: a lè bá ènìyàn jà, a kò gbọdọ̀ fi ebi pa ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sé oúnjẹ mọ́ Gásà tàbí mọ́ àwọn ìlú Sudan, ohun yòówù kí ó pe ara rẹ̀, òdì-kejì ọ̀nà Ànábì ni ó dúró sí.

Èyí tí ó ṣòro jù wà láàrin. Ní ọdún 2022 yẹn, nígbà tí ooru líle ba oko jẹ́, Íńdíà fòfin de títa àlìkámà sí òkèèrè. Indonéṣíà náà dá títa epo pupa sí òkèèrè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kò ní pe olórí tí ó kọ́kọ́ ro ti ará ilé rẹ̀ ní ọ̀daràn. Ojúṣe rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo olóko bá ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò ní oko ni yóò kú. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ayé òde òní ti sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jíjìn di ará ilé ara wọn.

Ó kù sí ọwọ́ tiwa. Ẹ̀yin ọlọ́jà àárín wa ń béèrè pé: bí mo bá ti ra àpò ẹ̀wà ní owó kékeré, tí owó tuntun sì dé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n tà á ní owó tuntun? A mọ̀ pé ẹni tí ó bá ta ti àná ní owó àná lè má rí ti ọ̀la rà, òwò rẹ̀ yóò sì kú. Kì í ṣe òun ni Ànábì bá wí. Ẹni tí ó rí i pé ebi ń bọ̀, tí ó sì ti ilẹ̀kùn ilé ẹrù rẹ̀ títí ebi yóò fi dé, òun ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ànábì Yūsuf náà kó ọkà pamọ́ fún ọdún méje. Ó kó o jọ nígbà tí ó pọ̀, ó ṣí àká nígbà tí ó wọ́n, ó wọ̀n ọ́n ní pípé, ó sì fún àwọn arákùnrin tí wọ́n tà á pàápàá nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé kí ebi má baà pa ènìyàn ni mo ṣe kó o pamọ́, àbí kí ebi lè lé wọn wá sọ́dọ̀ mi? Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ lọ́jà, ṣé inú mi yóò dùn, àbí yóò bàjẹ́? Ọkàn tí ń gbàdúrà kí ogun má tíì tán nítorí àpò mélòó kan ti ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí Umar ní ọdún ìyàn, ọdún 18 lẹ́yìn Hijra. Kò jẹ òróró wàrà títí ará ìlú fi rí i jẹ, àwọ̀ ara rẹ̀ sì yí padà. Ó ránṣẹ́ sí àwọn gómìnà rẹ̀, wọ́n sì kó oúnjẹ wá láti ilẹ̀ Ṣáámù. Kò dáwọ́ lé àdúà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àdúà sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má ṣe lu ìdí kóńgò wọlé. Bí owó bá gbọ́dọ̀ gòkè, kí ó gòkè ní gbangba, kí òṣùwọ̀n má sì dín. Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun fún ní àyè, ẹ yọ sàká yín ní àkókò yìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ara ìbátan tí kò lè sọ. Ẹ̀yin tí ń yá ènìyàn lówó oúnjẹ, ẹ má ṣe gba èlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ tí ó ṣófo, ẹ gbin nǹkan sí i. Kí gbogbo wa wo ilé tí ó kángun sí tiwa, kí a tó sùn lálẹ́ òní, bóyá iná jó nínú ààrò wọn.

Ìwọ Ọlọ́hun, Ọba tí ń bọ́ni, tí ń fini lọ́kàn balẹ̀, pa iná ogun níbi gbogbo tí ó ti ń jó. Ṣí ọ̀nà oúnjẹ fún àwọn tí a sé e mọ́. Wẹ ọkàn wa mọ́ kúrò nínú ojúkòkòrò. Fi àlùbáríkà sínú díẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa, má sì ṣe jẹ́ kí ebi ẹnikẹ́ni jẹ́ èrè wa. Àmín.