Ṣé Àwòrán Abúlé Tó?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ló dé tí ìwé ìtàn aláwòrán ará Japan nì, Flying Witch, tí Chihiro Ishizuka bẹ̀rẹ̀ ní 2012, fi ń wu èèyàn kà? Ọmọbìnrin àjẹ́ kan ló fi Yokohama sílẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní Aomori, ilẹ̀ èso ápù. Idán inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Oko, oúnjẹ àti àlejò ṣíṣe ló pọ̀ níbẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni òǹkàwé ń wá. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní Japan gan-an, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìgbèríko sílẹ̀ lọ sí Tokyo, àwọn arúgbó ló ń ṣẹ́kù sílé. Ẹni tó fẹ́ràn abúlé nínú ìwé, tí kì í bẹ ìyá rẹ̀ wò ní abúlé, àwòrán ló fẹ́ràn. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì wọkọ̀ lọ sílé.