Ǹjẹ́ Ìbínú Lè Jẹ́ Ohun Rere?

  

Ọmọ kéú mi kan ní Òṣóòrò níbí gbé fóònù wá bá mi lọ́jọ́ kan. Orin inú rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlagi. Ó ní àwọn ará Togo ló kọ ọ́, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor tí Rock Ahavi dá sílẹ̀ ní 2010. Orin métàlì ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì ń lu ìlù àwọn Ewe mọ́ ọn. Àwo wọn kìíní, Zã Keli, jáde ní 2019. Èkejì, Dzikkuh, jáde ní 2024. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ Dzikkuh.

"Ìbínú ni, Àáfà, ní èdè Ewe. Ẹ sì kọ́ wa pé Ànábì kìlọ̀ ìbínú fún wa. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ńkọ́? Ṣé kó máa rẹ́rìn-ín ni?"

N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìdájọ́ orin lónìí. Ìbéèrè yìí ló ká mi lára, nítorí pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo na ọmọ kékeré kan torí pé ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ẹni tó jẹ mí lówó ni mò ń bínú sí. Ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti gbẹ̀san.

Ìbínú lè sọ fún wa pé nǹkan ti bàjẹ́. Kì í sọ ẹni tó bà á jẹ́. Ànábì wa kì í gbẹ̀san nítorí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ òfin Ọlọ́hun lójú, ó máa ń bínú. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìbínú ni ẹ̀ṣẹ̀. Imam Al-Ghazali fi làákàyè wé ọdẹ, ó sì fi ìbínú wé ajá rẹ̀. Ajá tí a kọ́ a máa lé ẹran. Èyí tí a kò kọ́ a máa bu ọmọ aládùúgbò jẹ.

Báwo la ó ṣe mọ èyí tí a kọ́? Ó lè dúró. Kí àwo orin tó jáde, wọn á tún okùn gìtá ṣe, wọn á tún ìlù lù títí yóò fi gún. Ìbínú tó lè fara da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè gbọ́. Tèmi kò dúró ìṣẹ́jú kan.

Èsì tí mo fún ọmọ náà nìyí: ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè bínú. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní ìdúró, kó jókòó. Kó ṣe àlùwàlá. Kó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ gan-an, kó tó la ẹnu. Lẹ́yìn náà, mo bẹ ọmọ tí mo nà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó nira fún mi ju kí wọ́n nà mí lọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù. Àmín.