Ẹ̀rín Olóúnjẹ

Ní ọjọ́ kejì Iléyá kan, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n wà lẹ́yìn odi ti rọ́ wálé nítorí Ojúde Ọba tí yóò wáyé ní ọjọ́ kẹta, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gbéra láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, a lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, a sì yà jẹun ní ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti lo ọdún méjìdínlógún ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé oúnjẹ náà mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, èrò sì kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ kí ọmọbìnrin kan tó wá sí ìdí tábìlì wa. Kò kí wa, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn dúró bí ẹni tí ń retí ọkọ̀. Nígbà tí ìrẹsì yóò fi dé, ó ti tutù. Nígbà tí ó sì mú ṣéńjì wá, ọwọ́ òsì ni ó fi nà án sí ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi fi ìbínú dìde. Ó ní ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá ṣe báyìí kò ní rí iṣẹ́ náà ṣe dalẹ́, nítorí pé oníbàárà ni ọba. Kò tíì mí tán tí ó tún fi béèrè bóyá kò sí àgbà nílé tí wọ́n ti bí ọmọ náà ni, tí kò fi mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, àti pé ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin fi ń kí ẹni tí ó tó bàbá rẹ̀. Gbogbo ilé oúnjẹ dákẹ́. Ọmọ náà kò fèsì, ó ń wo ilẹ̀.

Kò sí ọdún tí irú ìráhùn yìí kì í dé etí àwa tí a wà nílé. Ẹni tí ó ti òkun bọ̀ a máa kó ojú mìíràn bọ̀ mọ́ ẹrù rẹ̀, bí ó sì ti ń tú ẹrù ni yóò máa fi ojú náà wò wá. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Láti ìgbà tí Starbucks ti ṣí ilé kọ́fí àkọ́kọ́ rẹ̀ sí Beijing ní 1999, irú àwọn ilé kọ́fí bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ gbé lọ síbẹ̀ a sì máa ráhùn pé kọ́fí dára, àga dára, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń gbé e wá kò rí bí ó ti ń rí nílé àwọn.

Bí a bá fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi, a ó rí i pé òfin méjì ni ó pè wá jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ọjà ti òkè òkun ni ó fi ń béèrè ẹ̀rín. Òfin àgbà ti ilẹ̀ Yorùbá ni ó fi ń béèrè ìkúnlẹ̀. Òfin méjèèjì ni ó ní iye tí à ń san lórí rẹ̀. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni bóyá ó tọ́ kí ènìyàn gba èrè méjèèjì láìsan ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti òkè òkun. Ẹ̀rín tí à ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti gbà kí ẹni tí ó ni ilé oúnjẹ máa san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tí ń gbé oúnjẹ, bí owó ẹ̀bùn tí àwọn oníbàárà ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì bá ti lè mú un dé iye tí òfin là sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ náà ń bẹ ní ọwọ́ ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín sí. Ní 1983, Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó fi hàn pé a ti sọ ẹ̀rín di iṣẹ́ tí à ń kọ́ ènìyàn, tí à sì ń sanwó fún, àti pé iṣẹ́ náà a máa mú àárẹ̀ bá ọkàn bí ẹrù rírù ti ń mú àárẹ̀ bá ọrùn. Ní Ṣáínà, kì í ṣe àṣà láti fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀. Inú òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ a dùn pé òun kò ní san án. Ẹ̀rín tí owó náà ń rà ni kò fẹ́ pàdánù. Ọ̀rẹ́ mi náà kò fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ lórí tábìlì.

Òfin ti ilé ńkọ́? Nínú àṣà wa, ẹni tí ó dé ni í kí ará ilé. Ní búkà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kò sí ẹni tí í wọlé tí kò ní kí ìyá olóúnjẹ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru iná, kí ó tó sọ ohun tí yóò jẹ. Mo ti rí ọkùnrin olówó kan tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá arúgbó tí ń ta ìkọ́kọrẹ́, nítorí pé ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí ó dìde tán ni ó tó sọ pé ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ òun kéré jù. Ìyá náà fi oríkì pè é, ó bú u díẹ̀, ó sì bu ẹja kún un. Owó tí ó wà lápò ọkùnrin náà kò sọ ọ́ di àgbà fún ìyá yìí. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó dé, kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tí a wọlé. Èmi náà kò kí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ọ̀yàyà. Olóúnjẹ tí kò bá ní ọ̀yàyà, eṣinṣin ni yóò máa jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀yàyà ìyá oníkọ́kọrẹ́, tirẹ̀ ni. Àpò rẹ̀ ni èrè rẹ̀ ń wọ̀, ó sì lè fà á sẹ́yìn lọ́wọ́ oníbàárà tí ó bá ya aláìmọ̀wàáhù. Nǹkan yí padà nígbà tí ilé oúnjẹ ìgbàlódé dé, irú Mr Bigg's tí UAC dá sílẹ̀ ní 1986, níbi tí aṣọ iṣẹ́ ti wọ orí aṣọ, tí ẹni tí ń tà kò mọ ẹni tí ń rà. Ọ̀yàyà ọmọ tí a gbà síṣẹ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kó èrè rẹ̀. Kò lè bú oníbàárà, kò sì lè bu ẹja kún un.

Wọ́n lè sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìrẹsì gbígbóná jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó sanwó, kí ó má pẹ́ jù sì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì náà kò dára, n kò sì ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá fi ipò àgbà bá ọmọ wí níláti ṣe bí àgbà. Àgbà a máa pe ọmọ sí kọ̀rọ̀, a máa bi í léèrè pé ọmọ ta ni, àti bóyá ó ti jẹun láti òwúrọ̀. Ó di dandan kí n sọ pé èmi tí mo mọ èyí, mo jókòó tí mo ń wo àwo mi nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń pariwo.

Nígbà tí a ń padà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé ní ọdún tí òun kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, abọ́ ni òun ń fọ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìtura kan, àti pé fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí ẹni tí ó béèrè orúkọ òun. Ó wá bi mí pé, “Kí ni ǹ bá wá ṣe sí ìrẹsì tútù?”

Mo ní kò bá pe ọmọ náà kí ó lọ gbé e kaná.

“N kò mọ orúkọ rẹ̀,” ni ó wí.

Mo sọ fún un pé wọ́n kọ ọ́ sí àyà aṣọ rẹ̀.