"ÈMI KÒ MỌ̀": Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ OÒGÙN ÀTI ÀWỌN TÍ Ń ṢE É



Ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà ni Ìjọ Mímọ́ máa ń ṣe àjọ̀dún Lúùkù Mímọ́, Ajíhìnrere, ẹni tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ jẹ́rìí rẹ̀ pé oníṣègùn ni. Bí àjọ̀dún náà ti ń súnmọ́ tòsí, ó tọ́ kí a fi ojú ìwé kékeré yìí sọ̀rọ̀ lórí oògùn, nítorí kò sí ilé kan láti Ìjerò títí dé Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí kò ní ìgò tàbí páálí oògùn kan nínú yàrá. A ń lò ó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa léèrè pé ta ni ó ṣe é, kí ni ó fi ṣe é, àti pé ìṣirò wo ni ẹni náà yóò ṣe níwájú Ọlọ́run.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àìnígbàgbọ́ ni kí Kristẹni máa lo oògùn. Ìjọ Mímọ́ kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ṣí Ìwé Síráákì, orí 38, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé láti inú ilẹ̀ ni Olúwa ti mú oògùn jáde, àti pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn kì í kẹ́gàn rẹ̀. Ẹ ó sì rí i pé a ka ẹni tí ń po oògùn mọ́ àwọn tí Ọlọ́run ń lò. Nínú Ìwé Tóbítì pẹ̀lú, áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì ìbá ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán la ojú Tóbítì, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Tòbíà ọmọ rẹ̀ pa òróǹro ẹja mọ́, ó sọ ohun tí ó wà fún, ó sì sọ ibi tí a ó fi í sí. Ẹ kíyè sí i pé áńgẹ́lì pàápàá kò gbé oògùn fún ènìyàn láìsọ bí a ti ń lò ó. Ì bá dára kí gbogbo ẹni tí ń ta oògùn lọ́jà ka ìwé náà.

Oore tí Ọlọ́run ti ṣe fún wa nípa oògùn kò ṣe é kà tán. Ní ìgbà kan, ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá mú, ojú ẹni tí ń kú lọ ni àwọn ará ilé fi ń wò ó. Ọdún 1943 ni a tó rí streptomycin, oògùn àkọ́kọ́ tí ó borí kòkòrò àrùn náà. Ọmọ tí àtọ̀gbẹ bá mú ní ìgbà náà kò ju kí ó máa rù títí yóò fi kú lọ, títí di ọdún 1922, nígbà tí a gún ọmọ ọdún 14 kan ní abẹ́rẹ́ insulin ní ìlú Toronto ní Kánádà, tí ọmọ náà sì yè. Lónìí, àwọn baba wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà ṣì ń lọ sí oko kòkó wọn nítorí oògùn kékeré kan tí wọ́n ń gbé mì ní àràárọ̀. Ta ni yóò pe èyí ní ohun búburú?

Síbẹ̀, kò sí oògùn tí ó jẹ́ kìkì ire. Insulin kan náà tí ó gba ọmọ Toronto là lè pa ènìyàn bí a bá gùn ún ju bí ó ti yẹ lọ. Paracetamol tí gbogbo wa ń rà bí ẹni ra iyọ̀, bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ni í bà jẹ́. Nítorí èyí ni dókítà ṣe ń wọn àìsàn wò, tí ó ń wo ọjọ́ orí àti agbára aláìsàn, tí ó sì ń gbé ewu oògùn ka iwájú àǹfààní rẹ̀ kí ó tó mú kálàmù. Ìwé tí ó kọ kì í ṣe ti aládùúgbò. Ẹni tí ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oògùn nítorí pé àìsàn wọn jọ ara wọn ti yá a ní aṣọ tí a wọ̀n mọ́ ẹlòmíràn lára.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀n tí dókítà bá wọ̀n, orí ohun kan ṣoṣo ni ó dúró lé: pé ohun tí a kọ sí ara ìgò ni ó wà nínú ìgò. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó bá wá ra kòkó máa ń fi ọ̀bẹ la èso mélòó kan sí méjì, kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti bu tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ẹni tí ń ra epo pupa yóò tọ́ ọ wò. Ẹni tí ń ra iṣu yóò fi èékánná ha á. Ta ni ó lè la oògùn wò? Ìyá tí ó ra oògùn olómi fún ọmọ rẹ̀ kò lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀; bí ó bá sì tọ́ ọ wò, dídùn ni yóò bá a. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó fi ń rà á.

Ní oṣù Bélú ọdún 2008, àwọn dókítà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò lè tọ̀ mọ́. Ara wọn gbóná, wọ́n ń bì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé oògùn kan náà ni àwọn ìyá wọn ti fún wọn: My Pikin, oògùn olómi dídùn tí ilé iṣẹ́ Barewa ní Èkó ṣe fún ọmọ tí eyín ń hù. Ilé iṣẹ́ náà ti ra ohun tí a pè ní propylene glycol, èyí tí a fi ń yọ́ oògùn di omi, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí kò ní ìwé àṣẹ. Diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀, omi dídùn tí a máa ń lò nínú omi búrẹ́ẹ̀kì ọkọ̀, tí ó sì ń pa kíndìnrín ènìyàn. Ọmọdé 84 ni ó kú. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ilé iṣẹ́ náà àti méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi, ó sì rán àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé eyín híhù kì í ṣe àìsàn. Kò sí ọmọ tí eyín rẹ̀ kò ní í hù bí a kò bá fún un ní oògùn.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, à bá pè é ní àjálù, kí a sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937, májèlé kan náà nínú oògùn olómi kan pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ní ọdún kejì, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ta oògùn tuntun títí yóò fi fi hàn pé kò léwu. Ní ọdún 1990, májèlé yìí wọ inú paracetamol olómi ní Jos àti ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì kú. Ọdún 18 kọjá, ó padà wá nínú My Pikin. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti dé Gambia, nínú oògùn olómi tí a kó wá láti Íńdíà. Bí ọmọdé 70 ni ikú wọn jẹ mọ́ ọn. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀nà wà láti dá a mọ̀: kí a bu díẹ̀ nínú gbogbo dúrọ́ọ̀mù tí a rà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò, kí a tó dà á mọ́ oògùn. Ọ̀nà tí ó ṣe é ṣe ni. A kàn kò ṣe é ni.

Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé oríṣi àìmọ̀ méjì ni ó wà. Èkínní ni èyí tí ènìyàn kò lè borí bí ó ti wù kí ó sapá tó; kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni èyí tí ènìyàn ìbá borí bí ó bá gbìyànjú bí ó ti yẹ ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fà sẹ́yìn nítorí owó tàbí ìmẹ́lẹ́; èyí kò gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ìyá ní, "Èmi kò mọ̀." Ẹni tí ó ṣe oògùn náà lè wí pẹ̀lú pé, "Èmi kò mọ̀." Ọ̀rọ̀ kan náà ni létí ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà níwájú Ọlọ́run. Ìyá kò ní yàrá àyẹ̀wò, kò sí bí ìbá ti mọ̀. Ẹni tí ó ṣe oògùn ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀, nítorí ìmọ̀ náà ni a ṣe ń san owó fún un. Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó ni yóò san màlúù tí ó bá já sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó mọ̀ pé màlúù yóò gba ibẹ̀ kọjá. Òfin Karùn-ún, tí ó kọ̀ fún wa láti pànìyàn, kò mọ sí orí ọ̀bẹ àti ìbọn.

Ẹ̀bi mìíràn tún wà tí olùṣe oògùn lè jẹ, bí oògùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ní májèlé nínú: kí ó fi ohun tí ó mọ̀ pa mọ́ fún ẹni tí yóò lò ó. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun kan tí a ń pè ní Trovan wò níbẹ̀. Ọmọdé 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 sì kú. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní a sọ fún wọn, àti pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Ní ọdún 2009 wọ́n fi dọ́là mílíọ̀nù 75 parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kánò, láìgbà pé wọ́n jẹ̀bi. Èmi kì í ṣe adájọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a rí ohun tí ó tẹ̀lé e: nígbà tí àwọn kan kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Kánò ní ọdún 2003, Trovan wà lára ohun tí wọ́n ń rántí, àrùn náà sì tàn láti ibẹ̀ dé àwọn ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní ọdún 1996 ni ó rọ nítorí ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó dé ayé.

A ní ẹni tí ó gbìyànjú nínú Ìjọ wa. Dora Akunyili, ọmọ Ìjọ Àgùdà bíi tiwa, pàdánù àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ọdún 1988 nítorí insulin ayédèrú. Nígbà tí ó di olórí NAFDAC ní ọdún 2001, ó gbógun ti àwọn oníṣòwò oògùn ayédèrú débi pé wọ́n yìnbọn sí i ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2003. Ọta ìbọn gba inú gèlè rẹ̀ kọjá, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Síbẹ̀, ní òpin àkókò rẹ̀ gan-an ni My Pikin jáde. Ìjọba kò lè rán ọlọ́pàá lọ dúró ti gbogbo ìkòkò tí a fi ń po oògùn. Ẹ̀rí-ọkàn ẹni tí ń rò ó ni ó gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi gbogbo ẹ̀bi sílẹ̀ ní Èkó. Ẹni tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ láti Àrámọkọ lọ sí Adó, tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mì. Ẹni tí ó pa ọjọ́ tí a kọ sára páálí rẹ́. Ẹni tí ń ka tramadol sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí ohun tí ó ń dùn wọ́n: wọ́n ń bẹ láàárín wa, àwọn mìíràn sì ń jókòó pẹ̀lú wa ní Mísà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé Ìjọ ń béèrè àtúnṣe pẹ̀lú. Kí ó kó èyí tí ó kù kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ó lọ sí ilé àwọn tí ó mọ̀ pé wọ́n ti rà, kí ó gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ó dá owó wọn padà. Bí ojú yóò bá tì í, kí ojú tì í.

Ẹ̀yin tí ń rà pẹ̀lú, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ra ohun tí kò ní páálí.

Mo fẹ́ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí n tó dákẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn ọmọ 84 náà ti jáde, ọwọ́ ìyá ni ó di ṣíbí mú, ìyá ni ó sì tu ọmọ nínú kí ó lè gbé e mì. Bí obìnrin kan bá ń ka ìwé yìí, tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, yálà nípa oògùn yìí tàbí òmíràn, tí ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́bi di òní, kí ó gbọ́ pé kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan, kò sì ní ohun tí yóò jẹ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún kò nílò àdúrà wa, òun ni ó ń gbàdúrà fún wa. Ní Mísà òwúrọ̀ yìí, nígbà tí a bá dé ibi àdúrà àwọn onígbàgbọ́, àwọn ìyá wọn ni kí a fi sí ọkàn.