Ǹjẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Lè Tọrọ Àforíjì?

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ bá àwọn Aboriginal, tí í ṣe onílẹ̀ gan-an, parí ìjà. (Èmi kò mọ̀ bóyá ìjà ni ó yẹ kí a pè é, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnìkan ni ó ń lu èkejì.) Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn a dárúkọ àwọn tí ó ni ilẹ̀ ibẹ̀, wọn a sì bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà wọn.

Àwọn kan ń bèèrè pé: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni olùkọ́ tí a bí lánàá dá, tí yóò fi máa bẹ̀bẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo New South Wales. Láti 1902, bí àwọn òbí aláwọ̀ funfun bá ti yarí, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba a lé ọmọ Aboriginal jáde. Àṣẹ pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ìlànà àwọn olùkọ́ títí di 1972. Ní ilé Kinchela, tí a ṣí ní 1924 tí a sì tì ní 1970, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn ọmọkùnrin tí ìjọba gbà lọ́wọ́ òbí wọn.

Olùkọ́ a máa kú. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í bá a kú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fi ife-ẹ̀yẹ tí ó gbà ní 1930 yangàn kò lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀ ní 1930 nígbà tí ọ̀rọ̀ ìtìjú bá dé. Ẹni tí ó bá jogún ilé, ó jogún gbèsè tí ó wà lórí rẹ̀.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé kí ọ̀rọ̀ náà má di àkọ́sórí. Kevin Rudd, olórí ìjọba, tọrọ àforíjì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 13 Oṣù Kejì, 2008. Ní 14 Oṣù Kẹwàá, 2023, nígbà tí a bi ará ìlú bóyá kí a dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbẹnu sọ fún àwọn onílẹ̀, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dáhùn pé rárá.

Ta ni ó wá lè sọ pé ìjà ti parí? Kì í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí wọ́n lé ní 1965 ti di ìyá àgbà báyìí. Ó lè jẹ́ òun ni ó ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà kan náà láràárọ̀. Òun ni kí wọ́n bi. Bí ó bá sì ní òun kò tíì gbà, kí wọ́n tún padà lọ bẹ̀ ẹ́.