Ta Ni Yóò Ti Ilẹ̀kùn Náà?

Àwọn àgbà ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ilé àwọn obìnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìlọ́kọ ńkọ́, nígbà tí ọmọdébìnrin kankan kò wọlé mọ́?

Ìjọ Àgùdà ṣòfin sí i. Nínú ìwé òfin wọn ti ọdún 1983, olórí àgbà ẹgbẹ́ lè ti ilé kan pa lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ilé àwọn sístà tó dá dúró, àwọn tí kì í jáde, Róòmù nìkan ló lè tì í. Ní ọdún 2018 wọ́n fi kún un pé bí àwọn tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ títí ayé níbẹ̀ bá ku márùn-ún péré, wọn kò lè yan olórí wọn fúnra wọn mọ́. Bí a bá ti ilé náà, ohun ìní rẹ̀ á tẹ̀lé àwọn ìyá náà lọ sí ibi tó bá gbà wọ́n, láìfojú fo ìfẹ́ ẹni tó ta wọ́n lọ́rẹ. Èyí dùn mọ́ mi nínú. A kì í lé arúgbó jáde lọ́wọ́ òfo.

Síbẹ̀, ní Ravello ní ilẹ̀ Ítálì, obìnrin mẹ́ta ló ṣẹ́kù sí ilé Santa Chiara, ilé tó ti lé ní 700 ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n lọ. Méjì kọ̀, wọ́n ní kí ilé náà kúkú di ti Póòpù. Ní ọdún 2023 a yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ṣé aláìgbọràn ni wọ́n? Mo rò ó títí. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, wọ́n da kíláàsì mi pọ̀ mọ́ ti ilé-ìwé kejì nítorí àwọn ọmọ kò pọ̀ tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àwọn ọmọ ti gbàgbé. Èmi àgbàlagbà ni mo ń sunkún nítorí pátákó ìkọ̀wé! Ọlọ́run ni a jẹ́jẹ̀ẹ́ fún, kì í ṣe ògiri, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kú sí yàrá kan, tí a ní kó lọ kọ́ ọ̀nà ilé ìdáná tuntun ní ọgọ́rin ọdún, a ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe títì pa ni mo ń bá jà. Ilé tí kò sí ẹni tó lè gbé aláìsàn dìde níbẹ̀, ìkà ni kí a fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbà tí wọ́n ku márùn-ún, tí ọ̀rọ̀ ara wọn wúwo jù lọ, ni ìbò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ mẹ́wàá ló yẹ kí ẹnìkan ti jókòó tì wọ́n, kó bi wọ́n pé: ẹ̀yin ìyá wa, níbo ni ẹ fẹ́ kí a sin yín sí?